Mo Mu Ìyá Oníìyá

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo wà bí mo ti ń kọ èyí, nínú yàrá kan ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, tí fèrèsé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Adájọ́ ti dá mi lẹ́bi, ó sì tọ́. Ọdún tó kà fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo ti lò láyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mò ń jẹ́wọ́ fún. Kátólíìkì ni wọ́n bí mi, ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹ̀wọ̀n, Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n kọ mí sí. Fádà tó ń wá síbí wo ìwé náà, ó ní kí n lọ bá àwọn ènìyàn mi. Pásítọ̀ ní òun kì í gbọ́ ìjẹ́wọ́, kí n máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ fúnra mi. Mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò tíì dá mi lóhùn. Ó ku ẹ̀yin.

Ọmọ Agbonou ni mí, àdúgbò kan nínú ìlú yìí. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ṣe ìṣirò. Láti ìgbà náà, mò ń ro oko fún ẹni tó bá pè mí.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Fòfó, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí. Ó ti pẹ́ ní ìlú òyìnbó, ó sì padà wá sí ilé tí ìyá rẹ̀ kú sí láti ṣe fíìmù. Fíìmù tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń lé ara wọn kiri. Ó lè fi odindi ọ̀sán gbé kámẹ́rà ya ògiri. Àwọn ọmọdé á jókòó tì í, wọ́n á ní, "Fòfó, ìgbà wo ni ògiri yìí máa ṣe nǹkan?"

Á ní, "Ó ń ṣe é lọ́wọ́."

Sódàbí ló pa ìyá Fòfó, ọtí ẹmu tí a ń sè títí á fi le bí iná. Fòfó náà ti mu ún rí, títí ìyàwó rẹ̀ fi kó ẹrù lọ, kó tó jáwọ́. Ọ̀já fíìmù ayé àtijọ́ kan ṣoṣo ló kù tí ènìyàn ti lè rí ìyá náà. Àlejò kan ló yà á nígbà tí Fòfó wà ní kékeré. Fún fíìmù rẹ̀ tuntun, Fòfó rì í sínú ṣágo sódàbí, kí ọtí máa jẹ àwòrán náà díẹ̀díẹ̀ bó ti jẹ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ dé ìlàjì, òun á yọ ọ́, òun á sì fi ohun tó ṣẹ́kù han ayé.

Mo bi í bóyá ó ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ìrántí kì í ní ẹ̀dà." Mo mi orí bí ẹni tó yé.

Kò fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bàá ọtí, nítorí náà ó ń wá ẹni tó máa bá a ṣọ́ ṣágo náà.

"Ṣé o ń mu sódàbí?"

Mo wo ilẹ̀. "Fòfó, Pùròtẹ́sítáǹtì ni mí."

Ojú rẹ̀ dán. Ládùúgbò wa, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kì í fẹnu kan ọtí. Ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. N kò tíì jí nǹkan kan nígbà yẹn, ìjọ nìkan ni mo pààrọ̀.

Inú ahéré ẹ̀yìn ilé ni ṣágo náà wà. Láàárọ̀, mo ní láti fi ọ̀pá yọ ọ̀já náà, kí n gbé e sí oòrùn, kí n wo bó ṣe ń ṣe. Mo rí ìyá náà: ó wé ìborí, ó jókòó lórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀já náà ń kán sí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ tó tutù, kí ni ènìyàn máa fi ṣe? Mo lá a. Lọ́jọ́ kejì mo lá ọ̀pá. Kò pẹ́ tí mo fi mú ife wá láti ilé.

Bí ọtí bá lọ sílẹ̀, omi ni mo fi ń kún un. Bí Fòfó bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, màá kẹ̀yìn sí i, màá fi ife mọ́ àyà, bí ẹni tó ń wá alángbá lára ògiri.

Kòfí ọ̀rẹ́ mi, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, yà wá kí mi. Ó fa imú. "Ìjọ yín yìí ń rùn o."

"Oògùn ikọ́ ni."

"Ikọ́ ta ni?"

Ó wo ṣágo. "Ṣé àyè ṣì wà nínú ìjọ náà?"

Ó wọ ìjọ lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ọ̀já sókè sí oòrùn, oòrùn nìkan ni mo rí. Omi ti bó àwòrán náà kúrò pátápátá, ó ti di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ṣágo. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni mo ti ń mu.

Kòfí ní, "Arákùnrin, o ti mu ìyá oníìyá."

"Àwa méjèèjì ni."

"Èmi kẹ̀? Àlejò ni mí nínú ìjọ yín." Ó tan alùpùpù, ó lọ.

Fòfó ti ní òun máa yọ ọ̀já náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Ká ní mo jẹ́wọ́, èébú ni ǹ bá jẹ, bóyá ìgbájú kan. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí ahéré bá jóná, ta ni yóò béèrè ṣágo? Mo ṣáná sí koríko òrùlé. Ọyẹ́ ń fẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ibi tí ilẹ̀ Fòfó parí sí. Ó gbé iná lọ sórí àká iṣu Mama Akúwà, ìyá àgbà tó múlé tì wá, ó sì tibẹ̀ dé ilé àdúrà àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ìjọ tí mo fi bojú ni mo dáná sun.

Mama Akúwà sáré wọ inú àká láti kó ẹ̀bu iṣu rẹ̀. Ó jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jó. Kò lè di ọmọ odó mú mọ́ títí di òní. N kò ní ẹ̀rín fún ibi yìí.

Nílé ẹjọ́, wọ́n bi mí ní ẹ̀sìn mi. Kí n tó lanu, Fòfó ti dáhùn láti ẹ̀yìn: "Pùròtẹ́sítáǹtì ni." Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó jókòó níbẹ̀ kùn bí oyin.

Mo rò pé n kò ní rí Fòfó mọ́. Ó wá. Ó ti gba àṣẹ, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ dání.

"Ìwọ nìkan lo tún rí i," ó ní. "Sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ ti ìborí, àpótí àti ẹ̀rín.

"Àti ìparí rẹ̀?"

Ní ìparí ọ̀já náà, ọmọ kékeré kan wọlé, Fòfó fúnra rẹ̀ ni. Ìyá náà rí i, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i.

"Ó kọ̀ mí," Fòfó ní. "Láti kékeré ni mo ti ń wo ẹ̀yìn yẹn. Òun ni mo fẹ́ kí ọtí bá mi jẹ."

"Fòfó, kò kọ̀ yín. Ife ló fi pamọ́."

"N kò rí ife kankan."

"Ẹ ò lè rí i. Ẹ rántí apá rẹ̀. Ìgúnpá lẹ̀ mọ́ ìhà, èjìká kan ga. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń ṣe nígbàkigbà tí ẹ bá wọlé. N kò kórìíra yín. Ojú ló ń tì mí."

Ó gbé kámẹ́rà sójú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde. Ṣe é."

Mo dìde, mo kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, mo di ife tí kò sí mọ́ àyà. Ó ń ya ẹ̀yìn mi lọ. Ó sú ẹ̀ṣọ́ tó dúró tì wá.

"Mùsié, ìgbà wo ló máa ṣe nǹkan?"

"Ó ń ṣe é lọ́wọ́," Fòfó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Nígbà tó ní kí n yíjú, omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Agbonou àti gbogbo ibi tí ìwé yìí bá dé, bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ń mutí, ẹ má fi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ yíjú padà, kí ẹni tó ni ín rí i lọ́wọ́ yín kó tó di pé ẹ wá ìṣáná. Ẹni tó bá sì ń kọjá nílé Mama Akúwà ní ìrọ̀lẹ́, kó yà, kó bá a gún iyán. Kó má sọ pé èmi ni mo rán òun.