Kì Í Ṣe Ọkọ Mi Ló Pa Ọba Dúdú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé pamọ́ sínú láti ìgbà tí mo wà ní ọmọge. Mi ò jalè, mi ò sì pààyàn. Ṣùgbọ́n mo tan bàbá tó bí mi jẹ, mo sì jẹ́ kí gbogbo Agége gba irọ́ náà gbọ́. Bàbá mi ń lọ sí Mẹ́kà láìpẹ́. Àwọn gan-an ló ní kí n sọ ọ́ ní gbangba kí àwọn tó gbéra.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè Agége. Wọ́n wà lára àwọn tó lọ jagun ní Bọ́mà. Ọta ìbọn bà wọ́n lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn sójà. Sójà ará Íńdíà kan tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wọn ló kọ́ wọn ní ayò kan tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ayò ogun ni. Ọba wà nínú rẹ̀, olorì wà níbẹ̀, ẹṣin àti ilé-ìṣọ́ wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ ogun kéékèèké. Ẹni tó bá ká ọba ẹnì kejì mọ́ ibi tí kò ti lè sá mọ́, òun ló jẹ.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fi igi gbẹ́ àwọn ọmọ ayò náà fúnra wọn, ìdajì dúdú, ìdajì funfun. Kò sí ẹni tó lè bá wọn ta á ládùúgbò. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ayò ọlọ́pọ́n dùn jù ú lọ. Bàbá mi á wá máa dá a ta, ọwọ́ ọ̀tún á máa bá ọwọ́ òsì jà. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó mà ṣe o. Ọlọ́run kò fún mi ní ọmọkùnrin tí ǹ bá kọ́."

Èmi jókòó sí òdìkejì tábìlì, mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Wọn ò mọ̀ pé mò ń wò.

Ìgbà yẹn ni Gàníyù dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, káfíńtà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ṣòkòtò ló wá rán. Wọ́n rán an tán, kò yéé wá. Lónìí, á ní ẹsẹ̀ kan gùn jù. Lọ́la, á ní ìbàdí fún òun. Bàbá mi kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n ní, "Gàníyù, ṣé ṣòkòtò lò ń wá àbí ọmọ mi?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí ṣòkòtò ti bá mi mu."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n to ọmọ ayò díẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Àdììtú tí ará Íńdíà yẹn fún wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Ọba dúdú fara pamọ́ sí igun pátápátá. Ọmọ ogun rẹ̀ méjì ṣe ògiri fún un, ilé-ìṣọ́ rẹ̀ sì wà nítòsí. Funfun ní olorì kan àti ẹṣin kan tí wọ́n sún mọ́ ibẹ̀. Àmọ́ ọba funfun fúnra rẹ̀ wà nínú ewu. Tó bá fi àyè sílẹ̀ báyìí, ó kú.

Bàbá mi ní, "Funfun ló kàn. Wá ọ̀nà tí yóò fi pa ọba dúdú kí dúdú tó mí. Ọjọ́ tó o bá rí i, kó àwọn èèyàn rẹ wá. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí kò lè ronú."

Gàníyù ń wá lójoojúmọ́ tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Á dì mọ́ tábìlì yẹn, á máa họ orí. Olorì ló lágbára jù nínú ayò náà, Gàníyù sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe é. Bàbá mi á mi orí, á ní, "Lọ sùn, kó o tún padà wá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní agbéraga. Mo wo àdììtú yẹn títí mo fi ń rí i nínú ọbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú mi là sí i. Olorì gan-an ló yẹ kó lọ kú! Kó lọ dúró ti ọba dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọba ò lè fọwọ́ kàn án torí ẹṣin funfun ń ṣọ́ ibẹ̀. Ilé-ìṣọ́ nìkan ló lè pa á. Bí ilé-ìṣọ́ bá sì ti pa á, òun fúnra rẹ̀ ló máa jókòó dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọba rẹ̀. Ẹṣin á wá fò lẹ́ẹ̀kan péré. Ó parí!

Mo kígbe. Abẹ́rẹ́ gún mi níka.

"Kí ló dé?"

"Abẹ́rẹ́ ni, Bàámi."

Mò ń fa ẹ̀jẹ̀ ìka mu, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo rán bọ́tìnnì dí ojú ihò bọ́tìnnì. Mi ò tíì rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ó yẹ kí n sọ fún bàbá mi lójú ẹsẹ̀. Mi ò sọ. Gàníyù ni mo fẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní rí i láé.

Nígbà tí wọ́n rán mi lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan, mo pàdé Gàníyù ní ibùdó rélùwéè. Mo fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ya ojú ayò sórí bẹ́ǹṣì, mo fi bọ́tìnnì ṣe ọmọ ayò. Nígbà tí mo ti olorì síwájú, ó la ẹnu.

"Olorì kẹ̀? Ká fà á lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n pa á? Àṣàbí, ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Mo ní, "Fà á lé wọn lọ́wọ́." Mo fi ìyókù hàn án. Ó fò sókè, ó sì fi fìlà lu ilẹ̀. Rélùwéè wọlé, ó sì tún jáde, àwa méjèèjì ò mọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ṣọ́ọ̀bù kún fún àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi. Gàníyù jókòó. Mo ti ní kó ṣe bí ẹni tó ń ronú, àmọ́ ó ṣe é jù. Ó ń kérora bí aláìsàn. Lẹ́yìn náà ló gbé olorì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba dúdú. Bàbá mi fi ilé-ìṣọ́ pa á. Ó ku ẹṣin. Gàníyù gbé e sókè, ó sì gbàgbé ibi tó ń lọ! Ó fẹ́ gbé e sí apá òsì. Mo wúkọ́. Ó gbé e sí apá ọ̀tún. Mo tún wúkọ́. Ìgbà tó gbé e sí ibi tó yẹ, ikọ́ mi lọ.

Bàbá mi dì mọ́ ọn, omi bọ́ lójú wọn. "Àna mi nìyí!" Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Báyìí la ṣe ṣe ìgbéyàwó.

A láyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ nípa ìyẹn. Ọlọ́run fún wa lọ́mọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò yéé ròyìn ọgbọ́n Gàníyù, ní mọ́sálásí, lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, nínú ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń wá bá a ta ṣẹ́ẹ̀sì nílé wa. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Èmi á gbé omi wá, màá rí ibi tí Gàníyù ti ṣìnà, màá sì padà sí ilé ìdáná. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bàbá mi ti ń wá ẹni tí wọ́n lè bá ta ayò láti ìgbà tí ogun ti parí, mo sì fi ara mi pamọ́ fún wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n wá tọrọ àforíjì, bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà ti máa ń ṣe. Wọ́n ní, "Àṣàbí, bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ rí, forí jì mí. Bí mo bá dé iwájú Káábà, màá dúpẹ́ fún ọpọlọ tí Ọlọ́run fún ọkọ rẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Gàníyù náà ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Bàbá mi kàn ní, "To ayò." Mo tò ó. Wọn ò dẹwọ́ fún mi rárá. Èmi náà ò dẹwọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n nu òógùn. Agbára káká ni wọ́n fi jẹ mí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú. "Èmi tí mò ń sunkún pé mi ò lẹ́ni tí màá kọ́! O jókòó síwájú mi!" Wọ́n kọjú sí ọkọ mi. "Mo rò pé o ń bọ̀wọ̀ fún mi ni tí mo fi ń jẹ ọ́!"

Gàníyù ní, "Bàbá, gbogbo agbára mi ni mò ń lò."

Ẹ̀rín tún gbalé. Wọ́n dárí jì wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni àwọn ti ròyìn irọ́ náà fún láìmọ̀, àwọn ò sì lè rù ú dé Mẹ́kà. Ìdí tí mo fi kọ̀wé yìí sínú ìwé ìròyìn nìyẹn. Bí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, tàbí tí wọ́n sọ ọ́ fún yín nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá sì ń kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ya ọ̀dọ̀ wa. Èmi àti bàbá mi lẹ máa bá nídìí ayò.

Ìyá ọkọ mi ló kù. Wọn ò mọ̀wé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà, ọkàn mi ò sì gbà á láti lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe ọmọ àwọn ló tú àdììtú sójà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, bí ẹ bá ń ka ìwé yìí sókè, tí ìyá kan sì sọ pé, "Gàníyù mi nìyẹn!", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní àga kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ sọ fún wọn pé ìyàwó ọmọ wọn wà lórí ìkúnlẹ̀.