Ìbàdí Bàbá Yín

Ẹ jókòó. Ìwọ àkọ́bí, gbé ṣòkòtò ẹ tó ti fún ọ yẹn sílẹ̀ ná, mi ò ní bá ọ fẹ̀ ẹ́ lónìí. Àbúrò ẹ, fa àga sún mọ́ bàbá yín, kó lè gbọ́ mi dáadáa. Ó ti rẹ̀ mí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi nìyí, ó ti bá a. Inú ṣòkòtò tí o gbé wá ló ti bá a.

Ẹ̀yin rò pé àìsàn ló dédé kọlu bàbá yín. Kò dédé o, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ ò mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Pẹ́ńsù ni wọ́n ń pè é nílé ìtẹ̀wé, torí ó ga, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí ẹ̀rọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdúró ni láti àárọ̀ dalẹ́. Kí n má parọ́ mọ́, ó dára lọ́kùnrin. Àwọn obìnrin mọ̀, òun náà sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ojú mi rí màbo! Ọ̀kan wá ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé, "Pẹ́ńsù mi ló máa sanwó." Kò mọ̀ pé ìyàwó Pẹ́ńsù ló di tépù mú. Mo rán aṣọ náà. Mo tún rán an dáadáa, òmùgọ̀ ni mí.

Ìgbà tí wọ́n fi bàbá yín ṣe ọ̀gá, tó di ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì, ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí ikùn ṣe ń yọ, bẹ́ẹ̀ ló ń tètè wálé. Á jẹun, á sùn lọ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní hẹn-ẹ́n, ọ̀nà ti là! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ lé oúnjẹ, ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í sì í wọ́n nínú fíríìjì. Bó bá ní òun fẹ́ rìn jáde díẹ̀, màá ní, "Ẹ sinmi jàre, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ó pè é ní ìfẹ́. Owú ni.

Kó má baà fura, mo máa ń fi aṣọ púpọ̀ pamọ́ sínú ojú rírán ẹ̀yìn ṣòkòtò ẹ̀. Bó bá ti ń fún un, màá ní mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Màá tú u, màá rán an padà, màá lọ̀ ọ́ títí á fi jọ pé abẹ́rẹ́ ò débẹ̀ rí. Bẹ́líìtì nìkan ni ò ṣeé tú, ni mo bá ń fi rọ́bà sí ìbàdí ṣòkòtò, mo ní bẹ́líìtì ò bágbà mu mọ́. Á wo dígí, á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, Pẹ́ńsù ṣì ni mí o!" Èmi náà á ní, "Kí lẹ tún fẹ́ jẹ́?"

Èyí tó burú jù ló kù. Nọ́ọ̀sì kan lọ yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò níbi iṣẹ́ wọn. Bàbá yín wálé, ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ní ìbàdí mi ti kọjá ààlà. Ẹ̀jẹ̀ ń ru, ṣúgà ń gòkè, ọ̀rá wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní lọ́kọ̀ọ̀kan wọn ò tíì burú jù, àmọ́ bí wọ́n bá pàdé lára ẹnì kan, ọkàn àti ọpọlọ ni wọ́n ń wá. Ó ní kí n máa rìn, kí n dín oúnjẹ kù, kí n padà wá." Mo wojú ẹ̀, mo rí i pé ó máa ṣe é. Obìnrin tó wá ránṣọ lọ́jọ́sí ni mo rí lọ́kàn mi. Ó ní, "Ìwọ ni télọ̀, wọ̀n mí wò, bóyá ó ṣì mí wọ̀n ni." Mo dúró sẹ́yìn ẹ̀, mo fi tépù yí i ká láti iwájú, mi ò jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ méjèèjì pàdé lẹ́yìn. Mo fi àtàńpàkò tẹ nọ́ńbà tó wù mí, mo gbé e wá síwájú kó kà á fúnra ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ìyàwó mi á wá parọ́ fún mi ni? Nọ́ọ̀sì yẹn ò mọ tépù lò." Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì ká tépù mi. Kò padà lọ bá nọ́ọ̀sì mọ́.

Ọjọ́ tó ṣubú níbi iṣẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀ rọ, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ṣòkòtò tó wọ̀ kúrò lára ẹ̀ nílé ìwòsàn. Mo rí àpá abẹ́rẹ́ gbogbo ìgbà tí mo ti tú u, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí, mo bá ká ṣòkòtò náà sínú báàgì mi. Wọ́n ti yẹ èmi náà wò báyìí, bákan náà ni tèmi rí. Oúnjẹ tí mo ń bù fún un, ṣebí àwa méjèèjì la jọ ń jẹ ẹ́.

Bàbá wọn, ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rọrùn lẹ́nu yín mọ́. Ẹ wò ó, ó ń na ọwọ́ òsì. Kí lẹ fẹ́, ṣé omi ni? Tépù ọrùn mi? Ó yá, ẹ mú un. Ta lẹ wá nà án sí? Ẹ ní kí ni? "Wọ̀n ọ́n"? Mo gbọ́ yín. Ẹ ò tíì sọ pé ẹ dárí jì mí, mi ò sì ní fipá gbà á. Dìde, àkọ́bí mi, na ọwọ́ sókè. Má fa ikùn mọ́ra. Iwájú ẹ ni màá dúró sí.