Ojú-Ìwé Tó Ṣófo: Ìdágbére fún Ẹ̀gbọ́n Mi, Tẹ̀-Ẹ́-Wò

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ mi ò ní gùn, àmọ́ kò ní rọrùn. Ó ti rẹ̀ mí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi yìí ò jẹ́ n sùn, ìrònú náà ò sì jẹ́ n sùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ: iṣẹ́ tó sọ fún yín pé òun ti parí, kò parí o. Ojú-ìwé kan ṣófo. Èmi tí a jọ ń tò ó ni mo mọ̀, mi ò sì lè gbé e mì mọ́.

Ọ̀gá wa, mo rí bí ojú yín ṣe yí padà. Ẹ má bínú, mà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ò mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ ò jẹ̀bi. Ìyá wa pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi í léèrè nígbà kan pé, “Kí gan-an lò ń ṣe níbẹ̀?” Ó ní, “Màámi, nínú kọ̀ǹpútà kan, mo máa ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sílẹ̀ tí kò ní ara.” Màámi wò ó títí, wọ́n ní, “Èyí tó ní ara nínú ilé yìí, láti ìgbà tó ti bàjẹ́, o ò tún un ṣe. Èyí tí kò ní ara lo wá rí tọ́jú.”

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa bẹ́ẹ̀. Òun náà rín tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wò ó bí ilé ńlá kan tí wọ́n pín sí yàrá yàrá. Ilé kan ṣoṣo ni, àmọ́ ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bí ti ẹnì kan bá dàrú, ti ẹnì kejì ò ní dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ yàrá wọ̀nyẹn, tí wọ́n fi ń ṣí wọn, tí wọ́n fi ń tì wọ́n, tí wọ́n sì fi ń wó wọn. Kò sí àwòrán kankan tí ẹ máa tẹ̀ níbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú lásán ni. Ẹ máa kọ àṣẹ sí i, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ó di ṣíṣe. Bí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan péré kọ, á wò yín bí ẹni tí kò gbọ́ èdè yín rí.

Kò sì fẹ́ràn àlàyé. Ẹ bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i, á ní, “Tẹ̀ ẹ́ wò.” Ẹ ní tó bá bàjẹ́ ńkọ́? “Tẹ̀ ẹ́ wò.” Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá sílé wa, tó ń gbọ̀n lẹ́nu géètì, tó ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo wà nílé, ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí aago ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Tẹ̀ ẹ́ wò.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Àbí ẹ rí i bí orúkọ Tẹ̀-Ẹ́-Wò ṣe mọ́ ọn lára?

Àmọ́ irinṣẹ́ tí kò ní ìwé ìlò, ẹni tó ṣe é nìkan ló ni ín. Ìwé wà o, ó kàn rí bí aṣọ tí wọ́n sáré ká nígbà tí òjò dé ni, ṣòkòtò bàbá wà nínú ti ọmọ. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ti kọ tirẹ̀. Ojú-ìwé méjì á máa sọ̀rọ̀ lórí àṣẹ kan náà, èkíní á ní ẹ ṣe é, èkejì á ní ẹ má dán an wò.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sì sí ibi iṣẹ́ tó fẹ́ gba èmi àti ọmọ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi, ó ní, “Wá bá mi to ìwé yìí.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ka ìwé mọ!” Ó ní, “Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Máa ṣe ohun tí ìwé bá ní kí o ṣe, má ṣe fi orí ara rẹ kún un. Níbi tí o bá ti há, ìwé ló ṣe àṣìṣe, kì í ṣe ìwọ.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn dání. Ìwé ló ṣe àṣìṣe, kì í ṣe ìwọ. Ta ló tún máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: èmi á jókòó, ọmọ á wà lórí itan mi, òun á dúró lẹ́yìn mi, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá kó má baà nawọ́ sí nǹkan kan. Kò ní sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pariwo “tẹ̀ ẹ́ wò” kiri, á wá di odi. Tí mo bá há, á mí kanlẹ̀, á lọ tún ojú-ìwé yẹn kọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yìí fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan, yàrá kan pa dé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ sunkún. Ó ní, “Má yọ ọ́ lẹ́nu, ó ti gbaṣẹ́.”

Àmọ́ ó lágídí! Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kò lágídí. Ó to àwọn àṣẹ náà, tí wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ Òyìnbó, ní ABC. Nínú ABC yẹn, àṣẹ tí wọ́n fi ń kọ́ yàrá ló ṣíwájú, èyí tí wọ́n fi ń wó o ló tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n fi ń ṣí i wà nísàlẹ̀ réré. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìwé yìí láti òkè, á kọ́lé tán, á wó o, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn.” Ó ní, “Ta ló ń ka ìwé ìlò láti òkè délẹ̀?” Mo ní, “Ẹni tí ẹ̀rù ń bà.” Ó fi ABC rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà náà sì dé. Ẹ mọ Bàbá Àlejò, àgbàlagbà tó fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun pẹ̀lú ewú lórí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn, wọ́n ṣí ìwé láti òkè. Wọ́n kọ́ yàrá kan, ó dáa. Wọ́n kọjá sí ojú-ìwé kejì, wọ́n kọ àṣẹ tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rí i. Orúkọ yàrá wo ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe àpẹẹrẹ lójú-ìwé yẹn? Yàrá gidi tí iṣẹ́ gbogbo wa wà nínú rẹ̀! Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo iṣẹ́ ní ọ́fíìsì dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi lé gbogbo wa síta, ó lé èmi náà. Ó jókòó sórí àga Bàbá, nídìí kọ̀ǹpútà Bàbá, Bàbá nìkan ló kù níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn máa fi ṣí, yàrá náà ti jí padà. Ó fi aṣọ nu òógùn, ó ní, “Ìwé ló ṣe àṣìṣe.” Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ó yá, tò ó bí o ṣe fẹ́.”

Bí a ṣe tò ó bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ẹ kọ́ ọ, ẹ ṣí i, ẹ wọlé, ẹ jáde, ẹ tì í, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Wíwó ló gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn wíwó, ó fi àkọlé kan síbẹ̀: “Bí a ṣe ń jí yàrá tó ti wó.” Àkọlé nìkan. Ó ní òun á kọ ọ́ lọ́la. Ó ti sọ fún Ọ̀gá pé ó ti parí, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó kù. Àyà tó ń dùn ún lábẹ́lẹ̀ ò jẹ́ kí ọ̀la yẹn dé.

Ọ̀gá wa ti sọ pé bí ìwé yìí ò bá pé kí oṣù yìí tó tán, irinṣẹ́ mìíràn ni wọ́n á máa lò. Wọn ò ṣe ìkà. Ta ló máa lo nǹkan tó lè wólé tí ẹnikẹ́ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde? Àmọ́ bí wọ́n bá pa á tì, gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe tán nìyẹn. A ti wá àṣẹ tó fi jí yàrá yẹn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà Bàbá Àlejò ló ti ṣe é.

Bàbá Àlejò, mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí ẹ ti dé lẹ ò ti jókòó. Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ ò fèsì. Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ, pé wàhálà ọjọ́ yẹn ló pa á. Irọ́ ni! Láti kékeré ni ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe é. Ìyá wa nìyẹn, ẹ bi wọ́n. Ẹ wò ó, wọ́n ń mi orí. Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni, sà. Ohun tí ìwé ní kí ẹ ṣe lẹ ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ẹjọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó lè yí i padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ. Ó ti rẹ ẹ̀yin náà, ẹ lọ sinmi. Ọmọ tí ẹ gbà síṣẹ́ ti ń rìn báyìí, ó ń tẹ gbogbo nǹkan tó bá rí. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ, tí ilẹ̀kùn wà ní títì, tí ẹ ò mọ ẹni tó wà nínú ilé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá, ọmọ ti ń sunkún, mò ń lọ fún un lọ́mú ní yàrá ẹ̀yìn. Ohun tó kọ lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ìdajì lẹ rántí, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn lẹ kàn gbé wá fún mi, mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tètè dá mi lóhùn.