Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Gbọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé inú ni yóò kú sí. Èmi Ògúndèjì, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ọdẹ ní Ìgbòho, ni mo ń sọ ọ́ báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì na ìbọn sí mi kí n tó sọ ọ́. Ohun tó fà á ni pé Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́olúwa wá bá mi nílé. Òun ló máa ń yí ká abúlé àti ìlú láti tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú àti àwọn àgbàlagbà tí ìrònú ti dá jókòó. Ó fẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àwọn arúgbó ní ilé ìwòsàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá sọ fún àwọn ẹbí yòókù bí ẹ ṣe dúró ti ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀yin ni wọ́n máa fi ṣe àwòkọ́ṣe." Mo ní mo gbọ́. Mo tilẹ̀ bi í pé irú aṣọ wo ló yẹ kí n wọ̀ wá. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, kí ẹ lè tètè mọ̀ mí.

Nígbà tó lọ tán, mo wo ẹ̀gbọ́n mi níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n lórí orúnkún rẹ̀. Oògùn ló ń mú wọn gbọ̀n, nítorí irọ́ tí mo pa ni wọ́n sì ṣe ń fún un ní oògùn náà. Bí irọ́ náà bá dúró, oògùn náà kò ní dá, ọwọ́ yẹn yóò sì máa gbọ̀n títí wọn yóò fi sin ín. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí, kì í ṣe nítorí pé mo jẹ́ ènìyàn rere.

Ọdẹmúyìwá ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá kan náà ló bí wa. Òun ni Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì, tó sì sọ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn ọdẹ yí sọ́dọ̀ mi. Kí n má purọ́ kún irọ́, mo ti ń retí rẹ̀. Kíláàsì ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, ẹran tí mo pa kò tó ohun tí ènìyàn ń fi yangàn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ní Olúọdẹ kí n tó kú. Bí iṣẹ́ bá ti tán lọ́wọ́ àgbà, oyè ló kù tó ń wò. Bí mo ṣe rò ó nígbà náà nìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Dúróríkẹ́, kú. Òrí ni obìnrin náà ń ṣe tà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ti sin ín tán ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sójú kan. Kò wẹ̀, kò fá irùngbọ̀n, oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, adìyẹ ló ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wò mí, ó ní, "Ògúndèjì, mi ò mọ ohun tí mo tún ń dúró dè." Mo ní kó fara balẹ̀, pé bí ọ̀fọ̀ ṣe ń rí nìyẹn. Mo sì bá tèmi lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú láti pe nọ́ọ̀sì.

Nígbà tó ṣe, òjò dé, èso èmi, igi òrí, bẹ̀rẹ̀ sí jábọ́ nínú igbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìhà wa mọ̀ pé èso yìí ni àwọn obìnrin ń ṣà láàárọ̀, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n ń yan án, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì pò ó títí yóò fi funfun, tí yóò di òrí. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gba igbó kan, obìnrin kì í lọ ṣa èmi láìsí ọdẹ lẹ́yìn wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọdẹ kò sí nílé. Ìyá Sodiqat, tó jẹ́ aṣíwájú àwọn olùṣà, kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Bàbá Dúróríkẹ́, ẹ dìde, ẹ bá wa gbé ìbọn. Bí ojú yín ò tiẹ̀ ríran dáadáa, àwọn tó wà nínú igbó ò mọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé ìdí èmi, ó dúró díẹ̀, ó gbé ìbọn ti igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà.

Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́, ó ti ń bá wọn sá a, ó ń bá wọn pa á. Nígbà tí mo máa fura, ó ti gbé báàfù tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi fi ń po òrí jáde, ó jókòó tì í, ó ká apá aṣọ sókè. Ìyá Sodiqat ló ń kọ́ ọ. Ó ní, "Ọwọ́ wọn le bí kùmọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́." Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ó fá irùngbọ̀n. Ó ń béèrè ọjọ́ ọjà, ó sì ń fi àwọn obìnrin náà ṣe ẹ̀fẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í po òrí. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣe òfin, a kò kàn rí i rí ni. Nígbà tí Jẹ́ẹ́dé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ, rí i, ó wá bá mi níbi tí a ti ń ṣèpàdé. Ó ní, "Tísà, ẹ̀gbọ́n yín gbé ìbọn ti igi, wọ́n ń ṣa èmi. Ṣé ara wọn yá báyìí?" Ẹlòmíràn ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń wo ojú mi, oyè náà sì ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáwọ́ nínú nǹkan yìí. Ẹ ń dójú tì wá." Kò gbé ọwọ́ kúrò nínú báàfù. Ó ní, "Bí mo bá ń pò ó báyìí, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ìyá Dúróríkẹ́ wà ní yàrá kejì. Jẹ́ n máa ṣe é." Mo padà sílé, mo sì sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí pé ẹ̀gbọ́n mi ń bá òkú gbé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà: nígbà tí àìsàn ń ṣe é, a ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Nígbà tí ara rẹ̀ wá ń yá, a ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Ní Ipapo, bàbá kan wà tó ń wo alárùn ọpọlọ, Adégbénró ni wọ́n ń pè é. Mo purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń dẹ̀gbẹ́ tẹ́lẹ̀ ń ṣàìsàn níbẹ̀. Kíá ló múra. Ó fi ewé di òrí, èyí tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó ní òun yóò fi kí ọ̀rẹ́ òun. Ó gbé e lé ẹsẹ̀ títí mọ́tò fi gbé wa dé. Nígbà tí a dé ibẹ̀, Adégbénró mú un wọ yàrá, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì jáde wá bá mi. Ó ní, "Tísà, mi ò rí nǹkan kan lára bàbá yìí. Wọ́n mọ ọjọ́ tí òní jẹ́. Ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi. Èmi kì í de ẹni tí kò bá ṣe èèyàn léṣe. Ṣé wọ́n ṣe èèyàn léṣe ni?" Ó yẹ kí n ní rárá. Ká ní mo ní rárá, à bá wọ mọ́tò padà lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Ó yọ àdá sí mi. Ó ní òun máa pa mí." Ohùn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni mo fi sọ ọ́, ó já geere.

Wọ́n gbé ṣẹkẹṣẹkẹ wá. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo, kò bá wọn jà. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ara ọ̀rẹ́ mi le nígbà náà." Mo rò pé wèrè ló ń sọ. Mo wọ mọ́tò, mo padà sí Ìgbòho.

Mo sọ fún Ìyá Sodiqat pé bí obìnrin kan bá tún fi báàfù síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ìbọn ọdẹ kan kò ní tẹ̀lé wọn lọ sígbó mọ́. Mo pe Dúróríkẹ́, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin, mo ní bàbá rẹ̀ wà níbi ìtọ́jú, kó má tíì wá. Kí wọ́n tó kórè àgbàdo, wọ́n ti fi mí jẹ Olúọdẹ. Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́olúwa ló bá ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀ nígbà tó ń yí ká. Irin ti jẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Òrí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ni wọ́n fi ń pa egbò náà. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tú u, ó ránṣẹ́ pè mí, ó bi mí pé kí ló ṣe. Mo tún pa irọ́ àdá náà fún un. Orí irọ́ yẹn ni dókítà ní Ṣakí dúró lé tó fi kọ oògùn ẹni tó ń yọ àdá sí ènìyàn fún un. Oògùn náà lágbára. Ẹ̀gbọ́n mi dé ilé, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ará àdúgbò sì ń kí mi pé mo ṣe ọmọ ìyá dáadáa.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì pè mí sí ìpàdé yẹn, mo tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, kò sí àdá." Kò tètè yé e. Nígbà tó yé e, ó ní, "Bàbá, oògùn tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé fún wọn láti ọjọ́ yìí ńkọ́?" Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó ní a kò lè já oògùn náà lẹ́ẹ̀kan náà, dókítà yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà lè dúró, ó sì lè má dúró, nítorí ọjọ́ orí. Mo dá fìlà oyè padà fún àwọn ọdẹ, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Mo pe Dúróríkẹ́, ó gé fóònù mọ́ mi létí. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni mo wá kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo purọ́ mọ́ yín ní Ipapo." Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Pákó ni ògiri yàrá yẹn." Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ta ní í gba ẹ̀rí wèrè?"

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn, n kò sì kán an lójú. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Sodiqat àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí bàbá tàbí ìyá yín bá jókòó sójú kan tí kò fẹ́ jẹun, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ìtọ́jú. Bó bá wá dìde, tó mú iṣẹ́ kan dání tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ bi í léèrè ohun tó ń rí níbẹ̀. Ẹ má ṣe bi àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Èso èmi tún ti ń jábọ́ báyìí. Láàárọ̀ àná, ẹ̀gbọ́n mi gbé báàfù jáde, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ kò gbà fún un. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Jókòó síbí." Mo ká apá aṣọ, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí pò ó. Jẹ́ẹ́dé ń gun ọ̀kadà kọjá, ó dẹwọ́ eré, ó wò mí dáadáa. N kò gbé ojú sókè. Nígbà tí apá ń dùn mí, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti tó?" Ó na ìka rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó fi kan án, ó wò ó súnmọ́ ojú.

Ó ní, "Kò tíì funfun. Máa pò ó."