Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Orúnkún Ọkọ Mi

Ẹ dúró ná! Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Bí ẹ bá wà lára àwọn tó ń múra àtiwá sí pápá ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ mi. Èmi fúnra mi ò lè jókòó. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ti dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo ti padà, mo tún ti lọ. Mo gbé ata kaná láàárọ̀, mo gbàgbé rẹ̀ títí ó fi jóná, àwọn ará ilé ló wá ń kan ilẹ̀kùn pé kí ló ń rùn báyìí. Mo kúnlẹ̀ àdúrà, àdúrà náà ò kọjá "Baba." Kí ni mo tún fẹ́ sọ fún Baba? Ṣebí ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo fi orúkọ rẹ̀ sọ! Ọkọ mi fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, orúnkún rẹ̀ ò lè gbé e, ẹnu èmi ìyàwó rẹ̀ ló sì tì í débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tó ti dùn. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ní Agége wa níbí tí kò mọ Múyìwá ọkọ mi. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tó gbá fún, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà ni láti gba bọ́ọ̀lù tó bá ti òkèèrè wá. Wọ́n á gbá a láti ẹ̀yìn pátápátá, á lọ sókè réré, gbogbo ojú á tẹ̀lé e, Múyìwá á sì ti máa sáré lọ síbi tó máa balẹ̀ sí. Gbogbo èèyàn á dìde dúró, pápá á ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Fò ó! Fò ó! Fò ó!" Á sì fò, láàárín àwọn ọkùnrin tó ga jù ú lọ, á fi àyà gba bọ́ọ̀lù náà, á sì gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fà sí i, mi ò ní purọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rà á lọ sókè òkun. Àwọn kan sunkún, àwọn kan bú u. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ó padà wálé láìpariwo, ó gba iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ búrẹ́dì ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ó ní òun ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Wọ́n bi í léèrè kí ló dé, ó ní ilé ló ń wu òun. Èmi nìkan ló sọ òótọ́ fún. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti já lọ́hùn-ún. Wọ́n là á, wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀ fún un pé kó máa rìn, kó máa wakọ̀, àmọ́ bó bá tún fò tó sì balẹ̀ lé e, ọ̀pá ló máa fi rìn títí ayé rẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ ọ́ síta. Ó fẹ́ kí wọ́n máa rántí òun lókè, nínú afẹ́fẹ́, kì í ṣe lórí ibùsùn ọsibítù.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wa àti ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Lékè, onígbàjámọ̀, alága àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti ń pàdánù, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀ ju kí Múyìwá padà àbí kó má padà. Kò sóhun tí wọ́n sọ tí a ò gbọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́ jàre," Bọ̀dá Lékè á wí. "Nínú àwọn tẹ́ ẹ kó jọ yìí, ta ló mọ bọ́ọ̀lù gbà? Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, wọ́n ń sá fún un bí ẹni pé agbọ́n ni!"

Ráfíù, tó ń pa màlúù ní Oko Ọba, ni kì í fẹ́ gbọ́. "Ẹni tó rí ibi tó dáa tó gbàgbé wa? Kó máa wa búrẹ́dì ẹ̀ lọ. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún, ṣé ó pè yín rí?"

"Kó pe ìwọ, kó bá ẹ sọ kí ni? Ọ̀rọ̀ ṣàkì?"

"Ó dáa náà! Ṣàkì tèmi ò sá lọ sókè òkun rí!"

Ẹ̀rín á ta, ẹni tí wọ́n ń gẹ irun fún á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí Bọ̀dá Lékè fi ẹ̀rín gé òun létí. Ọkọ mi á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí ògiri, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá mọ̀ nísinsìnyí pé àríyànjiyàn yẹn ni oògùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń jà lórí rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù ṣì ni. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni borí. Kí ló dé tí mi ò fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ṣọ́ọ̀ṣì ni kò jẹ́. Ìjọ tiwa jẹ́ ìjọ tó máa ń kúnlẹ̀, a sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Bí gbogbo èèyàn bá ti wólẹ̀ níwájú Olúwa, Múyìwá nìkan ni yóò dúró ṣánṣán, tí yóò tẹ orí ba. Ta ló máa mọ̀ pé orúnkún ló ń ṣe é? Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ arábìnrin kan lẹ́yìn mi tó sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Àwọn gbajúmọ̀ kì í kúnlẹ̀ o, aṣọ wọn á dọ̀tí." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára bí abẹ́rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Mo sọ fún Ọlọ́run pé kó wo orúnkún yẹn sàn, kí ìtìjú yìí kúrò lórí ilé mi. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe gbàdúrà? Kì í ṣe pé kí ìrora ọkọ mi dínkù. Kí ẹnu àwọn èèyàn lè pa dé ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ búrẹ́dì láìdi ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Ìyá Ire, lónìí kò dùn mí rárá." Ọ̀rọ̀ tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó lọ gbé búrẹ́dì, èmi àti Ire ọmọ wa la lọ sílé Ọlọ́run. Pásítọ̀ wàásù pé onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ máa sọ ohun tí kò tíì rí bí ẹni pé ó ti rí i. Ìwàásù náà dùn, mi ò sì sọ pé kò tọ́. Mo tò sórí ìlà àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí. Ohun tó wà lọ́kàn mi láti sọ ni pé ìrora náà ti dínkù, kí wọ́n bá mi yin Olúwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí máìkì dé ọwọ́ mi, tí ìjọ ké "Ògo!", tí ojú mi sì bá ti arábìnrin yẹn pàdé, ẹnu mi là, ó ní, "Orúnkún ọkọ mi tó bàjẹ́ lókè òkun, Jésù ti fún un ní tuntun! Ó lè sáré! Ó lè fò!" Páà, gbogbo ilé dìde. Wọ́n jó yí mi ká. Mo jó pẹ̀lú wọn. Ọlọ́run mi, mo jó!

Kí n tó tú gèlè nílé, Bọ̀dá Lékè ti ń gbá ògiri. "Ìyàwó wa! Ẹ fi irú ìròyìn báyìí pamọ́ fún wa!" Àríyànjiyàn parí lọ́jọ́ yẹn. Ráfíù pàápàá ní bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló wò ó, ta ni òun láti sọ pé kó má padà. Nígbà tí ọkọ mi wọlé, wọ́n ti gbé e sókè lọ́wọ́ ní òde kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Kí lo sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ohun tí Ọlọ́run máa ṣe ni mo sọ."

"Ó máa ṣe é, àbí ó ti ṣe é?"

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún náà lórí ṣòkòtò. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Kóòṣì ẹgbẹ́ wá sílé wa láàárín ọ̀sẹ̀, ó ní òun fẹ́ kó wá gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́. Kò pẹ́ sí i, pásítọ̀ pè wá síwájú pẹpẹ fún ìdúpẹ́. Ó ní kí arákùnrin wa kúnlẹ̀ kí ìjọ lè rí iṣẹ́ Olúwa. Múyìwá wò mí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀. Ẹ ò rí irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí! Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló rí bó ṣe di etí pẹpẹ mú, tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Àdúrà parí, wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Àwọn èèyàn rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e, wọ́n tún gbé orin ga. Lábẹ́ orin yẹn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Gbé mi dìde." Mo dì mọ́ ọn bí ìyàwó tí ayọ̀ ń pa, mo fi gbogbo agbára mi fà á sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa pé ìfẹ́ wa dùn ún wò.

Nígbà tí a délé, mo ní ká lọ sọ òótọ́. Ó mi orí. "O ti jẹ́rìí. Bí mo bá ní mi ò lè gbá a, ta ni wọ́n máa pè ní òpùrọ́? Mo máa wọ pápá, mo máa sá kiri díẹ̀, mi ò ní fò. Wọ́n á rí mi, ẹ̀rí rẹ á dúró, kóòṣì á yọ mí jáde." Ṣé ẹ gbọ́? Nítorí orúkọ mi ló ṣe fẹ́ lọ! Mo ní, "Bí wọ́n bá wá gbá bọ́ọ̀lù sókè ńkọ́?" Ó ní, "Kóòṣì, mo lè kọ̀ fún un. Bọ̀dá Lékè, mo lè kọ̀ fún un. Ariwo 'Fò ó!' yẹn ni mi ò lè kọ̀ fún. Bí mo bá gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi á ti kúrò nílẹ̀ kí n tó rántí."

Láti ìgbà náà ni ara mi ò ti rọlẹ̀. Mo lọ bá pásítọ̀, ó ní, "Ìyá Ire, má sẹ́ ẹ̀rí rẹ. Iyèméjì ni ọ̀tá fi ń jí ìwòsàn gbé." Mo lọ bá kóòṣì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù àwọn ìyàwó agbábọ́ọ̀lù ò lópin. Lánàá òde yìí, mo wọ ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Lékè lọ́sàn-án gangan, ibẹ̀ kún. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni mo pa. Orúnkún ọkọ mi ò tíì sàn. Ẹ má jẹ́ kó gbá a." Bọ̀dá Lékè pa ẹ̀rọ tó fi ń gẹ irun. Ọkùnrin tó wà lórí àga, tí wọ́n ti gẹ irun rẹ̀ dé ìlàjì, yíjú wò mí.

Ráfíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú o. Èwo gan-an ni irọ́ níbẹ̀, ti Sọ́ńdè àbí ti òní?"

"Ti òní ni," ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Ẹgbẹ́ tá a fẹ́ bá gbá a ti lọ rí i, wọ́n ti fún un lówó."

"Rí ta ni? Obìnrin Ọlọ́run báyìí? Ẹnu ẹ á kán!"

"Ẹ̀rù ló ń bà á," ni Bọ̀dá Lékè wí. "Ìyàwó wa, ẹ lọ sinmi. Ọkọ yín á fò, ẹ ó rí i."

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ti ń jiyàn, ó ti ń dùn mọ́ wọn. Ẹ̀rọ ìgẹrun náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ṣé ẹ wá rí i pé kò ku ẹnì kankan mọ́ fún mi bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ má rò pé ìgbàgbọ́ mi ti yẹ̀. Ọlọ́run lè wo orúnkún sàn, mo gbà bẹ́ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò rán mi ní iṣẹ́ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ojú èèyàn ló rán mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ de Sátidé, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá lè jókòó sílé yín, ẹ jókòó. Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ wá, bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sókè láti ẹ̀yìn, tí ẹ rí ọkọ mi tó ń sáré bọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí "Fò ó!" yẹn ti dé ẹ̀kẹ́ yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé e mì. Ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pẹ̀lú. Ẹ dákẹ́, kí gbogbo pápá pa rọ́rọ́, kí bọ́ọ̀lù náà lè kọjá lórí rẹ̀ lọ.