Irọ́ Tí Mo Tẹ̀ sí Nọ́ńbà Keje

Ogójì ọdún ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Kò dà nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ síta kí ikú tó pa mí lẹ́nu mọ́. Atẹ̀wé ni mí nígbà èwe mi. Ilé ìtẹ̀wé wa àti ilé oníbúrẹ́dì jọ fẹ̀yìn ti ògiri kan ni. Bí mo bá yọjú pẹ̀lú ọwọ́ tí yíǹkì ti sọ di dúdú, oníbúrẹ́dì a ní, "Ọlọ́wọ́ Tádáwà! Má fọwọ́ kan búrẹ́dì mi o, kí wọ́n má baà rò pé ó ti jóná!" Ẹni tó ń bá mi ṣeré nìyẹn o. Kẹrosíìnì la fi ń fọ lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé, ọ̀gá mi sì ti kìlọ̀ títí pé inú garawa onídèérí ni ká máa kó àkísà rẹ̀ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀lẹ mú mi, mo kó o jọ sídìí ògiri, mo sì ju ìdí sìgá síbi tí n kò wò. Ilé mẹ́rin jóná. Gbogbo ojú yí sí ààrò oníbúrẹ́dì. Ó ń lọgun pé, "Mo ti pa iná ààrò mi! Mo da omi sí i!" Mo gbọ́. Mo panu mọ́.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́dún kejì, nígbà tí a ti tún ilé ìtẹ̀wé wa kọ́, ìgbìmọ̀ ìlú ní ká tẹ ìwé pélébé tí àlejò yóò máa fi rìn ká àdúgbò àtijọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sára ògiri kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n kọ sí nọ́ńbà keje ni pé, "Iná jó ibí yìí, a kò mọ ohun tó fà á." Ẹ̀rù bà mí kí ẹnì kan má lọ wádìí. Èmi, ọ̀dájú ènìyàn, mo fọwọ́ ara mi yọ lẹ́tà wọ̀nyẹn, mo to "àìbìkítà oníbúrẹ́dì ló fà á" dípò wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọnú ìwé, ta ní ń bá a jiyàn? Kò pẹ́ tí oníbúrẹ́dì fi kó kúrò nílùú. Èmi náà rìnrìn àjò, n kò wẹ̀yìn.

Lọ́dún yìí mo padà wá wo ìlú mi. Ìwé tí wọ́n fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ìwé mi ni! Mo ń tẹ̀ lé e bí àlejò, títí mo fi dé nọ́ńbà keje. Obìnrin kan wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ògiri. Mo bi í pé kí ló dé.

"Bàbá mi ló sun àdúgbò yìí, bàbá," ó wí. "Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, kò lè dìde mọ́. Ó ní kí n wá bá òun kúnlẹ̀ bẹ ìlú. Ó ní òun rò pé òun pa iná ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìwé kì í parọ́, àbí?"

Mo mọ̀ pé mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́; n kò mọ̀ pé mo jí iyè rẹ̀ gbé pẹ̀lú. "Èmi ni," mo wí. "Iná náà, ìwé náà, èmi ni." Ó wò mí bí ẹni wo òkú tó dìde. Kò nà mí. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó na fóònù náà sí mi: "Ẹ sọ ọ́ fún un."

Mo sọ ọ́. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bi mí pé, "Ọlọ́wọ́ Tádáwà, ṣé mo pa iná yẹn lóòótọ́?"

"Ẹ pa á, ẹ̀gbọ́n."

"Mo da omi sí i?"

"Ẹ da omi sí i."

"Hẹn-ẹn," ó wí, bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò bi í. Ẹ̀yin tí ẹ bá mú ìwé náà lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá dé nọ́ńbà keje, ẹ mú kálàmù, ẹ pa irọ́ mi rẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé atẹ̀wé ni.