Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Bẹ Ọlọ́run Kó Má Kú Mọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọpẹ́ tí mo gbé wá síwájú yín ní àárọ̀ yìí wúwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e. Èmi yóò sọ ọ́ létòlétò, bí wọ́n ti ń kọ́ wa ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, kí ẹkún má bàa da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ mọ ọkọ̀ tí mo fi ń kó iṣu láti oko Ògìdì wá sí Kàbà. Ó ní àìsàn kan: bí mo bá ti fi í sí rìfáàsì, ẹ́ńjìnnì a fẹ́ kú. Mẹkáníìkì tú u títí ó fi sú u. Mo gbààwẹ̀. Nínú ilé yìí gan-an ni mo dìde, tí mo ní kí ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí ẹ́ńjìnnì náà má kú mọ́. Ẹ ṣe àmín. Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè ìjọ wa, mo di iṣu àti àpò gààrí kún ọkọ̀ náà dé òrùlé. Nínú dígí àárín, iṣu nìkan ni mo ń rí. Dígí ẹ̀gbẹ́ kan sì ti fọ́ tipẹ́. Síbẹ̀, mo yí ọkọ̀ ká kí n tó wọlé. Ẹ̀yìn mọ́, kò sí ọmọdé, kò sí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò tètè sítáàtì.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi, Fúnmiláyọ̀, ti ọjà dé. Baba mi jókòó níwájú ilé, nítòsí ìdí ọkọ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé wa kì í kọjá níwájú baba ọkọ rẹ̀ lórí ìdúró. Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí i.

"Okun o, Baba."

"Okun, ìyàwó mi. Kí lo rà bọ̀ fún mi? Àbí ọkọ rẹ nìkan lo ń bọ́?"

"Ẹja yín wà níbẹ̀, Baba. Èyí tí kò ní ha yín lọ́fun."

Baba rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún un. Ìre Baba máa ń gùn, Fúnmiláyọ̀ kò sì lè dìde kí ó tó parí. Ká ní ó dúró ni, bóyá ǹ bá rí gèlè rẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀, kò ga tó búùtù. Òun rò pé mo ti rí òun.

Nígbà tí ọkọ̀ wá sítáàtì, n kò tẹ hóònù. Mo fi sí rìfáàsì, ọkọ̀ sún sẹ́yìn. Mo gbọ́ igbe Baba: "Dúró! O ti pa á! Dúró!" Kí ẹsẹ̀ mi tó kan búréèkì, ẹ́ńjìnnì kú.

Ó kú! Bọ́ńpà ti tì í ṣubú, táyà sì ti gun orúnkún rẹ̀. Àlàfo tó kù láàárín táyà àti ikùn rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn ará àdúgbò ló gbé ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, n kò rí iṣẹ́ ìyanu kankan lọ́jọ́ náà. A gbé e lọ sí Lọ́kọ́jà. Dókítà ní yóò yè, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn kò ní lè tẹ̀ mọ́. Ẹ wá kí mi, ẹ ní kí n gbàgbọ́. Mo ń dáhùn, ṣùgbọ́n inú mi ṣófo bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀. N kò lè gbàdúrà. Bí mo bá dijú, ìró agbọ̀n tó ń rún lábẹ́ táyà ni mò ń gbọ́. Baba kò jẹun. Ó ní ìre òun ló dá ọmọ ọlọ́mọ dúró sójú ikú. Fúnmiláyọ̀ kọjú sí ògiri. Kò bá mi wí rárá. Ìyẹn ló burú jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yẹn, ṣé ẹ ti tún un ṣe?"

Mo ní rárá.

"Ká ní ẹ ti tún un ṣe ńkọ́?"

 Aṣọ ìnura bọ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wa ni, òkú rẹ̀ ni à bá gbé wálé.

Nísinsìnyí, n kì í kó ẹrù bo dígí ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn kò bá hàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níbi tí mo ti lè máa wo ojú rẹ̀. Bí ojú náà bá ti pòórá, mo tẹ búréèkì. Bí ọkọ̀ bá sì pẹ́ kó tó sítáàtì, mo tún sọ̀ kalẹ̀, mo tún yí i ká. Ẹ̀yin tí ẹ wa ọkọ̀ wá síbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá ń jáde lónìí.

Lọ́jọ́ tí Fúnmiláyọ̀ dé ilé, ó fi igi rìn lọ bá Baba. Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ó bú sẹ́kún. Baba mi, tí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni, di ògiri mú, ó dìde.

"Okun, ìyá mi," ni ó wí. "Dúró bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì la ó jọ wà lórí ìdúró."

Fúnmiláyọ̀ ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Ayọ̀ mi kò tíì kún. N kò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Bí ó bá kí yín lórí ìdúró, ẹ má pè é ní àfojúdi. Ẹ bá mi yọ̀ ni, kí ẹ sì fi ògo fún Ọlọ́run tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, tó sì kọ̀ láti ṣe é.